Àga Kan ní Ìkẹjà, Ilé Wa ní Festac

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí ó ti kan olúkúlùkù wa gbọ̀ngbọ̀n. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Ọmọ ti sùn, oúnjẹ baba rẹ̀ ti tutù lórí tábìlì. Láti agogo mẹ́fà ni ọkọ yín ti sọ pé òun ń bọ̀ láti Apápá, ẹ kò sì tíì gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pè é lórí fóònù, kò lọ. Ẹ ká aṣọ ojú fèrèsé díẹ̀, ẹ wo òde: mẹ́gádì ti ti géètì òpópónà, ajá kan ń gbó. Lójijì ni fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá dún láti ìhà 4th Avenue. Nígbà tí ẹ gbọ́ fèrè náà, ṣé ọkàn yín balẹ̀ ni, tàbí àyà yín já?

Ẹnì kan wà ní Ìkẹjà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yìí. Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Èkó ni orúkọ oyè rẹ̀. Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ irú ènìyàn tí ń dé orí àga náà, bí ó ṣe ń dé ibẹ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá ṣe lórí àga náà kì í pẹ́ kí ó tó dé yàrá wa.

Àtẹ̀gùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kàńtà

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ọlọ́pàá tí ń dúró ní Mile 2, a sì mọ èyí tí ń dá ọkọ̀ dúró ní Mazamaza. Àwọn mìíràn mọ D.P.O. tí ń ṣe olórí àgọ́ ọlọ́pàá Festac, pàápàá bí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé bá ti gbé wọn dé ibẹ̀ rí. Lókè D.P.O. ni Area Commander wà. Tiwa ni wọ́n ń pè ní Area E, ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì jìnnà, nínú Festac níhìn-ín ni. Òun ni ó ń jábọ̀ fún kọmíṣọ́nnà ní Ìkẹjà. Kọmíṣọ́nnà pẹ̀lú ní ọ̀gá tirẹ̀ ní Oníkàn, ẹni tí ń bójú tó Èkó àti Ògùn papọ̀ lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní Zone 2. Lókè gbogbo wọn ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá wà ní Àbújá, nínú ilé tí a fi orúkọ Louis Edet pè, nítorí pé òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, ní ọdún 1964.

Ọ̀nà jíjìn ni láti kàńtà àgọ́ Festac dé ilé Louis Edet. Ẹni tí ó bá wọṣẹ́ ní kọ́ńsítébù lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí iṣẹ́ gun àtẹ̀gùn yìí, kí ó má sì fojú kan àga Ìkẹjà. Àwọn tí wọ́n jáde yunifásítì ní ẹnu ọ̀nà tiwọn, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ga díẹ̀. Síbẹ̀, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò kí wọ́n tó di kọmíṣọ́nnà, òfin iṣẹ́ ọba sì wí pé kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi bí ó bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí bí ó bá ti sin ìjọba fún ọdún márùndínlógójì, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú. Ẹ wá rí i pé ọ̀nà gígùn ni, ibi tí a ń lọ kò sì gba ìjókòó pẹ́.

Ọdún tí Festac dé

Kò sí ará Festac tí ọdún 1977 ṣàjèjì sí. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Ilé tí ìjọba kọ́ síhìn-ín ni a fi ọ̀pọ̀ àlejò wọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìjọba fi ìbò pín àwọn ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń fún ara wọn pọ̀ ní yàrá kan ní Mùṣin àti Súrùlérè ṣe di onílé ní Festac.

Ọdún yìí kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mike Mbama Okiro ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1949 ni a bí i, ní Ogúta tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ímò lónìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ìgbà náà yóò wí bí ọmọ tí wọ́n ta aṣọ àti góòlù láti fi rán ní yunifásítì bá padà wálé tí ó ní ọlọ́pàá ni òun fẹ́ ṣe. Olùkọ́ ńkọ́? Ilé ìfowópamọ́ ńkọ́? Ọlọ́pàá tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ kékeré tí kò fẹ́ jẹun!

A kò ní kọ gbogbo ibi tí iṣẹ́ gbé e dé láàárín ọdún wọnnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọkọ yín jẹ́ ọlọ́pàá mọ ohun tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ nínú ilé. Ìwé tìráńsífà yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọn yóò sì ní kí ó wà ní ibùdó tuntun lọ́jọ́ Ajé. Ta ni yóò di ẹrù? Ta ni yóò lọ bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó gba ọmọ láàárín táàmù? Ta ni yóò fi ìsọ̀ tí àwọn oníbàárà ti ń mọ̀ sílẹ̀, tí yóò tún lọ bẹ̀rẹ̀ látorí kóńgò gaàrí kan ní ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀? Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ìgbésókè ọ̀gá ọlọ́pàá nínú ìwé ìròyìn, iye irúgbọ̀n tí ó wà ní èjìká rẹ̀ ni a ń kà. A kì í ka iye ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù.

Ọ̀sẹ̀ kan tí Èkó kò gbàgbé

Ní oṣù kìíní ọdún 2000, nígbà tí ìjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ O.P.C. gbóná ní Èkó, wọ́n pa D.P.O. Bárígà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Okiro dé sí Ìkẹjà gẹ́gẹ́ bí kọmíṣọ́nnà. Ìlú tí ó bá kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè jókòó jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ rántí wà ní ọdún 2002. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, ní ìrọ̀lẹ́, iná ràn mọ́ ibi tí àwọn sójà ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà. Àdó olóró ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tí ó jìnnà réré. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ìdìtẹ̀ gbàjọba ni, àwọn kan rò pé ayé ti parẹ́. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn lọ sí ìhà Òkè-Àfà, wọn kò mọ̀ pé ohun tí ó rú wé lójú wọn kì í ṣe ilẹ̀, ojú odò kánà ni. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ó kú nínú àjálù náà, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí odò gbé ni obìnrin àti ọmọdé. Àwọn kan wà tí a fà jáde pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn wọn, ọ̀já kò tíì tú.

Ìlú kò tíì sin òkú tán nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, tí àwọn ọlọ́pàá kéékèèké daṣẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́pàá daṣẹ́ sílẹ̀! Ohun tí a kì í gbọ́ ni. Wọ́n ní ìjọba jẹ àwọn lówó, pé ajẹmọ́nú àwọn kò dé, pé bárékè tí àwọn ń gbé kò dára fún ẹran ọ̀sìn. Ẹni tí ó bá ti wọ inú bárékè ọlọ́pàá rí kò ní pè wọ́n ní òpùrọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá àti Háúsá ní Ìdí-Àràbà, ní Mùṣin, ó sì gbà ọjọ́ mélòó kan. Ilé jóná, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, sójà ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti pẹ̀tù sí i.

Ẹ fi ara yín sí ipò kọmíṣọ́nnà ní ọ̀sẹ̀ náà. Òkú ń bẹ nínú odò ní apá kan, ìjà ń lọ ní apá kejì, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ẹ̀ bá rán kò sì fẹ́ dìde. Ẹ̀dùn wọn tọ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ń san owó oṣù wọn. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba yọ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Musiliu Smith, tí í ṣe ọmọ Èkó, wọ́n sì fi Tafa Balogun, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, rọ́pò rẹ̀. Okiro ní tirẹ̀ kò ṣubú. Ó gòkè.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa àga Ìkẹjà. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún gómìnà ní àṣẹ láti sọ fún kọmíṣọ́nnà ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe fún ààbò ìlú, ṣùgbọ́n òfin kan náà gba kọmíṣọ́nnà láyè láti ní kí òun kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ. Gómìnà Èkó lè ra ọkọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ṣe láti inú àpò owó ààbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n Àbújá ni ó lè gbé e wá tàbí kí ó gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú agbo ilé rí, tí ìyá ọkọ ń pàṣẹ kan, tí ọkọ ń pa òmíràn, ẹ kò nílò pé kí amòfin ṣàlàyé fún yín.

Ta ni ọmọ ẹni tí wọ́n kà?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Okiro di Ọ̀gá Àgbà Pátápátá. Ọdún méjì ni ó lò; nígbà tí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún ní oṣù keje ọdún 2009, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti 2013 sí 2018, òun kan náà ni alága àjọ tí ń gba ọlọ́pàá síṣẹ́ tí ó sì ń gbé wọn ga. Bí a bá wo iṣẹ́ ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kí ni ẹnikẹ́ni tún lè fẹ́?

Ṣùgbọ́n nínú ọdún 2007 yẹn, ó kéde iṣẹ́ tí ó ti ṣe láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí oyè. Nínú ohun tí ó kà ni pé ọlọ́pàá ti pa ènìyàn 785 tí wọ́n fura sí pé adigunjalè ni. Bí oríire ni ó ṣe kà á. Ẹgbẹ́ Human Rights Watch ké gbàjarè lórí rẹ̀, wọ́n ní irú iye bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìyangàn.

A kò gbàgbé ohun tí olè ṣe fún wa. Ní ìgbà kan, àwọn ará Festac ń sùn pẹ̀lú ojú kan lílà, àwọn tí ó ní ọkọ̀ ń fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́lẹ̀ bí ajá. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá sì ni adigunjalè ti pa, tí wọ́n fi opó àti ọmọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ọlọ́pàá má yìnbọn fún ẹni tí ń yìnbọn fún un, kò ní ọkọ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n 785! Ẹni tí a fura sí kọ́ ni ẹni tí a dá lẹ́bi. Mélòó nínú wọn ni ó jẹ́ olè ní tòótọ́, mélòó ni ó kàn rìn ní alẹ́? Adájọ́ kan kò gbọ́ ẹjọ́ wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò lè sọ fún ìyá wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá lè ka ọgọ́rùn-ún méje. Ìyá ọmọ kì í kà ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí ó ń bọ̀ ní ọdún 2020 ti ń hó lábẹ́ ilẹ̀ láti irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, Hakeem Odumosu ni ó wà lórí àga Ìkẹjà; òpin ọdún 2019 ni ó dé. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀ nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wa, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, mì tìtì. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà páìpù epo. Ó ju ogún ènìyàn tí ó kú, ilé wó lọ bẹẹrẹ, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí a ń pè ní Bethlehem Girls' College sì di àlàpà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Àwọn ìyá tí ó sáré dé ibẹ̀ láti Festac àti Satellite Town, tí wọ́n ń ké orúkọ ọmọ wọn nínú eruku, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà láé.

Oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, wọ́n ní kí ìjọba tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS ká. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ láti mú adigunjalè ti di ẹni tí ń mú ọmọkùnrin nítorí irun orí rẹ̀ àti nítorí kọ̀ǹpútà tí ó gbé kọ́ èjìká. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n tú u ká. Kí oṣù náà tó parí, ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ti jóná ní Orílé, ní Agége, àti ní ibi púpọ̀. Wọ́n pa àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì pa àwọn ọlọ́pàá. Ní bárékè àti ní ilé àwọn ọ̀dọ́ náà, àwọn ìyá ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ náà

Ọdún 1955 ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin síṣẹ́ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ọmọbìnrin yín ń wo aṣọ dúdú náà pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà iṣẹ́ náà sọ pé obìnrin ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó lè lọ́kọ, pé wọn yóò sì yẹ ìwà ọkùnrin náà wò. Ọkùnrin tí ó fẹ́ aya kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó wí pé ìlànà náà lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ó dùn mọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó dé.

Bí ó bá di alẹ́ bẹ́ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ojú fèrèsé tí ẹ dúró sí. Bí ó bá ṣe pé ọlọ́pàá ni ó mú ọkọ yín, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, àti òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, wí pé ẹni tí ó mú un ni ó gbọ́dọ̀ fi tó ẹbí rẹ̀ létí, láìgba kọ́bọ̀. Bí ó bá ṣe pé òun ni wọ́n ń wá tí wọn kò rí i, wọn kò gbọ́dọ̀ mú yín dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀. Nígbà kan rí, irú ìmúni bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ìyàwó a sì sùn sí àgọ́ pẹ̀lú ọmọ ọmú. Òfin ti kọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí bí ó ti wà ní Èkó, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí wọn kò bá fún un ní béèlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lẹ́bàá ògiri Kirikiri, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lẹ́yìn ògiri náà ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi.

Nípa béèlì, ẹ ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọn kì í sábà kọ ni pé obìnrin lè ṣe onídùúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lẹ́nu kàńtà pé kí ẹ lọ mú ọkùnrin wá, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òfin wí pé a kò gbọ́dọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹ má pariwo. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ pè é ní ọ̀gá, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ìwé àti bírò ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní ẹnu kàńtà.

Bí ó bá sì ṣe pé olè tàbí jàǹbá ni, nọ́ńbà 767 àti 112 ni ti pàjáwìrì ní Èkó, kò gba owó lórí fóònù. Ẹ kọ wọ́n sí ara fìríìjì, kí ọmọ tí ó bá ti lè kàwé mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọ̀gá tí ó wà ní Ìkẹjà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé ẹlòmíràn wá kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ bi baba àwọn ọmọ léèrè ní alẹ́ òní, nígbà tí ó bá ń jẹun, bóyá òun mọ orúkọ D.P.O. wa.